Ìdúró Ti Ẹbí Nígbà Àìsàn àti Ọ̀fọ̀: Ìlànà fún Àwọn Abẹ̀wò Ìjọ Àgùdà ní Abidjan

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí Ìjọ Àgùdà gbé lé àwọn abẹ̀wò lọ́wọ́, kò sí èyí tí ó nira tó pé kí ènìyàn wọ ilé tí àìsàn ńlá ti wọ̀ ṣáájú rẹ̀, kí ó jókòó ti àwọn tí oorun ti dá lójú wọn, kí ó má sì sọ ọ̀rọ̀ asán. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí a máa ń pẹ́ dé ìdí rẹ̀ tó o, nítorí púpọ̀ nínú wa kì í gbéra nílé àfi ìgbà tí a bá gbọ́ pé ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ní orí ìwé yìí kò ju ọ̀kan lọ: kí a tètè dé, kí a má sì tètè lọ. Ẹni tí ó bá dé kí ikú tó dé, tí ó sì tún ń yọjú lẹ́yìn tí èrò ìsìnkú ti túká tán, òun ni ó jẹ́ abẹ̀wò ní tòótọ́. Ẹni tí a rí ní ọjọ́ ìnáwó nìkan, àlejò ni.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn Yorùbá tí ń gbé Abidjan, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ànàgó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò ilé Ògìyán àti àwọn ìlú tí ó wà ní àyíká rẹ̀, tí àwọn baba wọn ti wá ṣòwò ní Treichville àti Adjamé, tí àwọn ọmọ wọn sì ti di ọmọ onílùú méjì. Mùsùlùmí àti Onítẹ̀bọmi pọ̀ láàárín wọn, àwa Àgùdà kò sì tó nǹkan. Nítorí náà, lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, abẹ̀wò lè bá ìyá tí ń ka Rósárì, ẹ̀gbọ́n tí ń jan tẹ̀súbáà, àti àbúrò tí kò gbà pé a ń gbàdúrà fún òkú rárá. Ilé-ìwòsàn ń sọ Faransé, aláìsàn ń sọ Yorùbá, àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ kàn sì wà nílé, ní ọ̀nà jíjìn. Ìlànà tí kò bá ro gbogbo èyí kò lè wúlò fún wa.

Kí a tètè ránṣẹ́ pe Fadá

Àwọn àgbà ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ìbá dára bí a bá lo òwe yìí fún Sákárámẹ́ǹtì Ìfòróróyàn Àwọn Aláìsàn pẹ̀lú, nítorí àìsàn ni a dá a sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ti ba àwọn ènìyàn wa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí Fadá bá ti yọ pẹ̀lú ìgò òróró kékeré lọ́wọ́, àwọn obìnrin ilé á fi igbe ta, wọn á ní ó ti parí. Ìdí rẹ̀ sì nìyí tí àwọn mìíràn fi ń fi àìsàn baba wọn pamọ́ fún ìjọ títí tí ahọ́n rẹ̀ yóò fi wúwo, tí kò ní lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, tí kò sì ní lè gba Ara Kristi mì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣojú ayé dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1981, nígbà tí wọ́n yìnbọn fún Póòpù John Paul Kejì ní Róòmù, a fi òróró mímọ́ yàn án ní ilé-ìwòsàn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó wá sí Abidjan ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, tí ó ya Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ tí ó wà ní Plateau sí mímọ́, ilé ńlá tí ó ti súre sí òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1980. Kò sì fi ayé sílẹ̀ títí di ọdún 2005. Ẹni tí ó bá ń gbé Abidjan tí ó sì ń rí kàtídírà náà bí ó ti ń kọjá létí ọ̀sà, ẹ̀rí ni ó ń fi ojú rí pé òróró aláìsàn kì í ṣe ìwé ìpè ikú.

Ìlànà Ìjọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1972, tí Póòpù Paul Kẹfà tún ètò náà ṣe, iwájú orí àti ọwọ́ méjèèjì ni a ń fi òróró yàn, a sì lè lo òróró èso igi mìíràn níbi tí ti ólífì bá ti ṣòro. Onígbàgbọ́ tí ó ti gbọ́n tó láti mọ rere yàtọ̀ sí búburú, tí àìsàn tàbí ogbó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀mí rẹ̀ sínú ewu, ni ó tọ́ sí: kò dìgbà tí ó bá ń mí ìmí àmígbẹ̀yìn. Ẹni tí àìsàn ńlá ń gbé lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lè gbà á kí wọ́n tó gbé e wọlé. Arúgbó tí agbára rẹ̀ ti tán lè gbà á láìsí àìsàn kan pàtó. Ẹni tí ó ti gbà á rí, tí ó san, tí ó tún padà dùbúlẹ̀, tàbí tí àìsàn náà le sí i, lè tún un gbà. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ kò pàdánù rẹ̀, bí a bá lè rò pé ìbá bèèrè fún un nígbà tí ara rẹ̀ yá; bí a bá sì ń ṣiyèméjì bóyá ó ti kú tàbí kò tíì kú, òfin Ìjọ ní kí a fún un. Fadá nìkan ni ó lè ṣe é. Ẹgbẹ́ Légíọ̀n ti Màríà, olùkọ́ni katikísímù, alága àwùjọ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní CEB, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ dán an wò nínú wọn.

Nígbà tí ẹ bá ń ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọ, yálà ní Notre-Dame ti Treichville, ní Saint-Michel ti Adjamé tàbí ibikíbi tí ilé yín bá súnmọ́, ẹ má kàn wí pé ara ẹnì kan kò yá. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ilé-ìwòsàn tí ó wà, ilé tí ó dùbúlẹ̀ sí nínú rẹ̀ àti nọ́ńbà ibùsùn, wákàtí tí wọ́n ń gba àlejò, bóyá ó lè sọ̀rọ̀, bóyá ó lè gbé nǹkan mì, àti èdè tí ó gbọ́. Nítorí àwọn ilé-ìwòsàn ńlá bíi ti Treichville àti ti Cocody fẹ̀, Fadá tí kò bá mọ ibi tí ó ń lọ lè rìn káàkiri títí tí wákàtí àlejò yóò fi tán. Bí ó bá jẹ́ ilé ni aláìsàn wà, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré kan, ẹ gbé àgbélébùú àti àbẹ́là sí i pẹ̀lú omi díẹ̀. Bí Fadá bá ti dé, gbogbo ilé ni kí ó jáde kí aláìsàn lè jẹ́wọ́, lẹ́yìn náà kí gbogbo wọn wọlé wá gbàdúrà pọ̀. Òfin wákàtí kan tí a kì í jẹun kí a tó gba Ara Kristi kò de aláìsàn, kò sì de àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà kí ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọkọ rẹ̀ má ṣe yẹra.

Ọ̀rọ̀ èdè tí mo mẹ́nu kàn yìí, n kò fẹ́ kí a fojú kéré rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan wà tí wọn kì í jẹ́wọ́ nítorí pé Fadá kò gbọ́ Yorùbá, tí wọn kò sì lè fi Faransé tí wọ́n fi ń ná ọjà sọ ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọkàn. Òfin Ìjọ gbà kí ènìyàn jẹ́wọ́ nípasẹ̀ ògbufọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yàn, ògbufọ̀ náà sì wà lábẹ́ ẹrù àṣírí láti pa gbogbo ohun tí ó gbọ́ mọ́ títí ayé. Ohun tí mo máa ń gba àwọn ìjọ níyànjú ni pé kí wọ́n wá àgbà kan tàbí méjì tí ẹnu wọn dákẹ́, tí kì í ṣe ẹbí aláìsàn, kí a sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí kí ọjọ́ tí a ó nílò wọn tó dé. Ẹ má ṣe fi ọmọ bíbí inú ìyá ṣe ògbufọ̀ ìjẹ́wọ́ ìyá rẹ̀ láé.

Ṣé kí a sọ fún aláìsàn?

Èyí ni ọ̀ràn tí ń dá ìyapa sílẹ̀ nínú ẹbí jù lọ. Dókítà á pe ọmọkùnrin àgbà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi Faransé tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún un. Ọmọ á gbọ́ ọ, á nu ojú rẹ̀ nù, á wọlé tọ ìyá rẹ̀ lọ, á ní ibà lásán ni wọ́n rí. Ìfẹ́ ni ó mú kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, n kò jẹ́ bú u. Síbẹ̀ ẹni tí a bá pa òtítọ́ mọ́ fún, a ti gba àkókò ìmúrasílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: kò ní lè ránṣẹ́ sí àbúrò tí wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún pípẹ́, kò ní lè wí ibi tí owó àjọ rẹ̀ wà àti ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò ní lè pe àwọn ọmọ rẹ̀ súre. Àwọn aláìsàn sì mọ̀ ju bí a ti rò lọ. Irọ́ tí gbogbo ilé ń pa yí wọn ká wulẹ̀ ń sọ wọ́n di ẹni tí ń dá nìkan kú láàárín èrò ni.

Ẹni tí aláìsàn fọkàn tán jù ni kí ó bá a sọ ọ́, kì í ṣe ẹni tí ó gbọ́ Faransé jù. Kí ó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ rò nípa ara rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí ó má dá ọjọ́ fún un, nítorí ọjọ́ ikú kò sí ní ọwọ́ dókítà. Bí aláìsàn bá sì wí pé òun kò fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà máa yọjú sí i, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yóò bèèrè.

Àkókò yìí náà ni ó yẹ kí a bá tọkọtaya sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó wọn. Ní Côte d'Ivoire, ìgbéyàwó tí a kò bá ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilé ìjọba ìlú tí wọ́n ń pè ní mairie, òfin ilẹ̀ náà kò kà á sí, bí ó ti wù kí ìdána rẹ̀ nílé ti pọ̀ tó. Tí wọn kò bá sì tíì ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, Fadá ní ọ̀nà tí ó lè gbà ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà ewu ikú. Obìnrin tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ ni ìpọ́njú ogún máa ń bá jù.

Ní ti ìtọ́jú, kí abẹ̀wò má ṣe jẹ́ kí a fi àdúrà lé dókítà lọ. Àdúrà kò dí oògùn lọ́wọ́. Ẹ rán àwọn ẹbí létí ètò ìlera tí wọ́n ń pè ní CMU, tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn olùgbé ilẹ̀ náà, tí owó rẹ̀ jẹ́ 1,000 fáráǹkì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ìgbà tí ara ṣì le ni ó yẹ kí a ti forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan rò pé oògùn tí ń pa ìrora jẹ́ àìnígbàgbọ́, pé aláìsàn ní láti jìyà tán. Póòpù Pius Kejìlá ti dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 1957, ó ní a lè fún aláìsàn ní oògùn ìrora bí ìrora bá béèrè rẹ̀, kódà bí ó bá lè dín ọjọ́ rẹ̀ kù, níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe ikú rẹ̀ ni a ń wá. Bákan náà ni Ìjọ kò fi dandan mú ẹbí láti ta ilé baba wọn nítorí ìtọ́jú tí ó ju agbára wọn lọ, tí kò sì ní ìrètí nínú. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, omi, ìmọ́tótó àti ọwọ́ tí ń fọwọ́ kan aláìsàn, ìwọ̀nyí kò ní ìdádúró.

Wákàtí ikú àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Oúnjẹ ìrìn-àjò ni Ìjọ ń pe Ara Kristi tí ẹni tí ń lọ gbà ní ìgbẹ̀yìn, òun gan-an sì ni sákárámẹ́ǹtì àwọn tí ń kú lọ. Bí Fadá kò bá tètè dé, abẹ̀wò tí a fún ní àṣẹ láti gbé Ara Kristi lè gbé e wá. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí kò tíì ṣe ìrìbọmi ni ó ń kú lọ, tí ó sì fẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní i lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe lè da omi sí i lórí, kí ó máa wí bí ó ti ń dà á pé òun ń wẹ̀ ẹ́ ní orúkọ ti Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Kí a sì sọ fún Fadá lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ó bá pa ojú dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún. Jésù fúnra rẹ̀ sunkún ní ibojì Lásárù, ó sì mọ̀ pé òun fẹ́ jí i dìde. Ẹ má sọ fún wọn pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀ ju wọn lọ ni. Ẹ má sọ fún ìyá tí ó ṣòfò ọmọ pé yóò bí òmíràn. Ẹ kú ará fẹ́ra kù tó. Yako tí àwọn ará Abidjan fi ń kí olófọ̀ tó. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú tó. Ẹ wá ẹni tí yóò se oúnjẹ fún àwọn ọmọ kéékèèké, kí ẹ sì wá ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò gba ìwé ẹ̀rí ikú ní ilé-ìwòsàn, tí yóò mú un lọ sí mairie kíákíá láti forúkọ òkú sílẹ̀. Láìsí ìwé yìí, opó kò lè bèèrè ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ibi tí a ó sin òkú sí yóò dìde. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, nítorí náà àwọn ará ilé á ní kí a gbé e wá sí Èjìgbò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà Abidjan sí Èkó súnmọ́ 1,000 kìlómítà, ibodè mẹ́rin ni ó sì wà lójú ọ̀nà, láti Côte d'Ivoire sí Gánà, láti Gánà sí Tógò, láti Tógò sí Benin, láti Benin sí Nàìjíríà, ìwé òkú kò sì gbọdọ̀ dín ní ibì kankan nínú wọn. Ní Abidjan, ó ti di àṣà kí òkú pẹ́ ní ilé-òkú, ní IVOSEP tàbí ibòmíràn, nígbà tí ẹbí ń dá owó jọ, tí owó ilé-òkú náà sì ń gun ara wọn lójoojúmọ́. Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1993, a kò sì sin ín títí di ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1994. Ètò ìjọba ni tirẹ̀. Oníṣòwò tí ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ wé e. Èmi gbà pé kí a sin òkú sí Abidjan níbi tí opó àti ọmọ rẹ̀ wà, kí a sì ṣe Mísà mìíràn fún un nílé, ju kí a fi owó ilé-ìwé ọmọ gbé òkú kọjá ibodè mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹbí ni ó ni òkú. Kí abẹ̀wò gbani níyànjú, kí ó má pàṣẹ.

Níbi tí ẹ̀sìn bá ti yàtọ̀, kí a tètè pe àwọn àgbà ẹbí jókòó kí ìjà tó dé etí ibojì. Mùsùlùmí á fẹ́ kí a sin òkú ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé pé ẹ̀sìn olóògbé ni a ó tẹ̀lé, kí ẹ sì wá àyè fún wọn láti bọ̀wọ̀ fún un. Onítẹ̀bọmi tí kò gbà pé kí a gbàdúrà fún òkú lè ka Bíbélì tàbí kọ orin ní àìsùn; a kò ní fi dandan mú un ka Rósárì.

Ikú méjì wà tí ó béèrè ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀. Èkíní ni ti ọmọdé. Àṣà wa kò jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀, mo sì ti rí àwọn abẹ̀wò ìjọ tí wọ́n fẹ́ fa ìyá lọ sí etí ibojì pẹ̀lú ipá nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbòmíràn. Ìjọ kò fi dandan mú òbí dúró níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dá a dúró bí ó bá fẹ́. Ẹ ṣe Mísà fún wọn. Bí ọdún kan tàbí ọdún mẹ́wàá bá kọjá tí wọ́n bèèrè ibi tí ọmọ wà, kí ẹnì kan bá wọn lọ. Ọmọ tí ó kú kí a tó ṣe ìrìbọmi fún un, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ti fẹ́ ṣe é, bíṣọ́ọ̀bù lè yọ̀ǹda kí a sin ín pẹ̀lú ètò Ìjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá dá ọ̀rọ̀ àbíkú sílẹ̀, tí ó ní kí a fi àmì sí òkú ọmọ lára, kí abẹ̀wò dìde kí ó sì kọ̀ ọ́ gbangba. Èkejì ni ti ẹni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Òfin Ìjọ ti ọdún 1917 kò gbà kí a fi ètò Ìjọ sin irú wọn bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Òfin ọdún 1983 ti yọ ìyẹn kúrò. Ìjọ mọ̀ pé ìdààmú ọkàn tàbí ẹ̀rù ńlá lè dín ẹ̀bi ènìyàn kù, ó sì ń gbàdúrà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ìdílé náà gbọ́ èyí lẹ́nu Fadá kí wọ́n tó gbọ́ ti aládùúgbò.

Lẹ́yìn tí èrò bá túká

Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìjókòó á ti dínkù. Ní ọjọ́ ogójì, ẹsẹ̀ á ti pa pátápátá. Ìgbà náà gan-an ni kí abẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ yọjú sí opó ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí ayẹyẹ kankan, kí ẹ bi í léèrè owó ilé, owó iná àti ìwé àwọn ọmọ. Bí àwọn àbúrò ọkọ bá ti ilé dé láti wá kó ẹrù, kí àgbà ìjọ kan wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, kí ó sì mọ ilé-ẹjọ́ tí a lè lọ bí ọ̀rọ̀ bá le. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú náà ń ṣọ̀fọ̀, bí kò tilẹ̀ sunkún ní gbangba. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ nítorí pé ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Olófọ̀ tí kò bá lè jẹun, tí kò lè sùn, tí ó ń wí léraléra pé òun náà fẹ́ kú, ẹ má wò ó níran. Ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ni Ọjọ́ Àwọn Aláìsàn ní gbogbo ayé, tí Póòpù John Paul Kejì dá sílẹ̀ ní ọdún 1992. Ẹ pe àwọn ẹbí tí wọ́n ti ṣòfò wá láti ran àwọn tí aláìsàn wà nílé wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ 1 títí dé ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, Ìjọ ń fún àwọn tí ó bá lọ gbàdúrà ní itẹ́ òkú ní oore-ọ̀fẹ́ ìdáríjì ńlá fún àwọn olóògbé. Ẹ ṣètò ọkọ̀ kan kí àwọn arúgbó lè dé Williamsville tàbí Yopougon. Nígbà tí ẹ bá sì ń gba Mísà ọdún kìíní, ẹ tètè lọ sí ọ́fíìsì ìjọ, kí ẹ kọ orúkọ Yorùbá olóògbé pọ̀ mọ́ orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, kí ẹ sì kọ́ ẹni tí yóò kà á jáde bí a ti ń pè é, nítorí orúkọ tí a bá pè tì, àwọn tí ó ni òkú kò ní dá a mọ̀.